KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ IGI ÓÁKÙ FÚN ILÉ ÌDÁNÁ: BÍ A TI Í YÀN ÁN, ÀTI BÍ A TI Í ṢE É LỌ́ṢỌ̀Ọ́

Kì í ṣe ní oko nìkan ni irè oko ti í ṣòfò. Àgbẹ̀ lè gbin ẹ̀wà rẹ̀ ní àkókò, kí ó ro ó ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó sì kó o wọlé ní àlàáfíà; síbẹ̀ bí ó bá dé inú ilé ìdáná, tí kò sí ibi rere tí a lè fi í pamọ́ sí, eku yóò jẹ ìpín tirẹ̀, kòkòrò yóò jẹ tirẹ̀, ọ̀rinrin yóò sì mú kí ìyókù bu. Ohun tí òjò àti ẹyẹ kò rí gbà ní oko, ilé ìdáná a gbà á. Nítorí náà kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó oúnjẹ sí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Àká ni, àká kékeré tí ó wà nínú ilé. Bí a sì ti ń yẹ àká wò kí a tó kó àgbàdo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò kí a tó san owó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń ra kọ́bọ́ọ̀dù nítorí dídán rẹ̀. Ọdún méjì kò tí ì kọjá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi wọ́, tí ikán fi jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí owó fi di òfò. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àlàyé nípa igi tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, nípa àwọn igi ilẹ̀ Yorùbá tí ó lè ṣe é bákan náà, àti nípa ọ̀nà tí a lè gbà mọ iṣẹ́ rere yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹ̀tàn.

IGI ÓÁKÙ

Àwọn tí ń ka Bíbélì ti mọ orúkọ igi yìí tipẹ́. Lábẹ́ igi óákù ní Ṣékémù ni Jákọ́bù gbé ri àwọn òrìṣà àjèjì ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀ka igi óákù ni orí Ábúsálómù sì há sí. Oríṣi rẹ̀ tí ó wà ní ayé ju 400 lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a ń fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ tí òtútù ń mú, bí Ìlú Ọba, Faransé, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Igi náà kì í yára dàgbà. Ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó gé e, ara rẹ̀ le, ó sì wúwo. Bí a bá gbé ìtì óákù funfun gbígbẹ kan sórí ìwọ̀n, tí gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wúwo tó nǹkan bí pọ́ùn 47.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣòwò pákó pín in sí: óákù funfun àti óákù pupa. Bí a bá gé ègé óákù pupa tí ó gùn ní ínṣì díẹ̀, tí a sì fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí orí rẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ náà yóò jáde ní orí kejì, nítorí pé àwọn ihò tín-ín-rín tí omi ń gbà gòkè nínú igi náà ṣí sílẹ̀. Ti óákù funfun dí. Nítorí èyí ni a fi ń fi óákù funfun ṣe àgbá ọtí wáìnì tí kì í jò, nítorí èyí ni ó sì fi yẹ ju pupa lọ fún ibi tí omi ń ta sí nínú ilé ìdáná.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí ó bá ní kọ́bọ́ọ̀dù óákù gbọ́dọ̀ mọ̀. Igi náà ní èròjà kan nínú tí ń fún ahọ́n pọ̀ bí a bá tọ́ ọ wò, èyí tí àwọn tí ń ṣe awọ máa ń lò láti sọ awọ tútù di awọ tí kì í rà. Bí èròjà yìí bá pàdé irin ní ibi tí omi wà, yóò di dúdú bí tàdáwà. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé láti inú kókó tí ó máa ń so lára igi óákù, tí a pò mọ́ èròjà irin, ni a ti ń ṣe tàdáwà ìkọ̀wé ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà idẹ ni ó yẹ fún àgbékọ́ àti ìdìmú kọ́bọ́ọ̀dù óákù, kì í ṣe irin lásán. Kò sì yẹ kí a gbé ìkòkò irin tí ó tutù sórí rẹ̀ kí a sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀.

KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ ÀWỌN ARÁ INDIANA

Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, níbi tí oko àgbàdo pọ̀ sí, ilé-iṣẹ́ kan wà nígbà kan rí ní ìlú New Castle tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hoosier Manufacturing Company. Hoosier ni orúkọ ìnagijẹ tí a fi ń pe ará Indiana. Ní ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1900, ilé ìdáná àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò ní kọ́bọ́ọ̀dù tí a kàn mọ́ ògiri bí ti òde òní. Tábìlì wà ní ibì kan, ìyẹ̀fun wà ní ibòmíràn, ṣúgà àti iyọ̀ wà nínú yàrá kejì, ìyá ilé a sì máa lọ a máa bọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ilé-iṣẹ́ yìí kó gbogbo rẹ̀ jọ sára kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, tí a sábà máa ń fi óákù ṣe, tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó ga tó 6, tí jíjìn rẹ̀ sì tó 2. Ní òkè ni agolo ńlá ìyẹ̀fun wà, asẹ́ sì wà ní ìdí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin lè sẹ́ ìyẹ̀fun sínú abọ́ láìgbé agolo náà kúrò ní ipò rẹ̀. Àyè wà fún ṣúgà àti fún ìgò àwọn èròjà ọbẹ̀. Ní agbedeméjì ni pẹpẹ iṣẹ́ wà tí a ń fà jáde nígbà iṣẹ́, tí a sì ń tì padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ní ìsàlẹ̀ ni a ń kó ìkòkò sí, dúróà búrẹ́dì sì wà níbẹ̀ tí a fi páànù bò nínú kí eku má baà lè jẹ ẹ́ wọlé. Nígbà tí ó fi di ọdún 1920, iye tí ilé-iṣẹ́ náà ti tà tó 2,000,000.

Kì í ṣe dídán ni ó ta kọ́bọ́ọ̀dù wọ̀nyí. Ohun tí àwọn obìnrin àgbẹ̀ rí ni pé ẹsẹ̀ wọn sinmi, oúnjẹ wọn sì wà ní ìpamọ́. Ní àkókò kan náà ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Christine Frederick, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1913 lórí ìtọ́jú ilé, nínú èyí tí ó fi kọ́ni pé ó yẹ kí ohun èlò ilé ìdáná tẹ̀ lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti ń tẹ̀ lé ara rẹ̀, kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ má baà máa fi ìrìn ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni àṣà kíkan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri dé, ilé-iṣẹ́ Hoosier sì kógbá wọlé ní àwọn ọdún 1940. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì wà títí di òní, àwọn kan sì ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé igi tí a fi ṣe wọ́n gbẹ, ìsopọ̀ wọn sì dára.

IGI TÍ Ó WÀ NÍ ÀRỌ́WỌ́TÓ WA

Ẹni tí ń gbé ní Iléṣà tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun fún óákù. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń tà ní orúkọ óákù ni kò ju awọ óákù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ, tí a lẹ̀ mọ́ ojú pákó tí a fi ìyẹ̀fun igi àti àtè tẹ̀ pọ̀. Irú pákó bẹ́ẹ̀ a máa wú bí àkàrà tí ó bọ́ sínú omi nígbà tí òjò bá kàn án, kì í sì í padà sí bí ó ti wà.

Ìrókò ni ó súnmọ́ óákù jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìtì rẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 ní ìhà gbogbo wúwo tó nǹkan bí pọ́ùn 41 nígbà tí ó bá gbẹ. Ikán kì í fẹ́ràn agbedeméjì rẹ̀. Bí a bá sì kọ́kọ́ fá a, àwọ̀ rẹ̀ a máa dàbí àwọ̀ yẹ́lò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ a máa sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tí ó lẹ́wà. Nígbà mìíràn a máa ní òkúta nínú tí ń ba ehín ayùn jẹ́. Ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì máa mú ara yún ènìyàn, a máa mú imú àti àyà fún un. Nítorí náà kí káfíńtà tí ń rẹ́ ìrókò fi aṣọ di imú rẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nínú ìyẹ̀fun náà.

Apá lágbára púpọ̀, kì í sì í tètè wọ́. Ọ̀gànwó rọrùn láti fá, ó sì gba ọ̀ṣọ́ dáradára. Igi tíìkì, tí a ti gbìn sí ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, dára pẹ̀lú, pàápàá ní àkókò yìí tí ìrókò ńlá ti ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún afàrà àti arère. Arère fúyẹ́, kò ju nǹkan bí pọ́ùn 24 lọ ní ìwọ̀n kan náà; ikán àti kòkòrò sì máa ń tètè bá a jà. Bí ó bá máa wà lára kọ́bọ́ọ̀dù rárá, kí ó jẹ́ ní ibi tí kò fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, lẹ́yìn tí a bá ti fi oògùn igi pa á.

Nínú igi rere pàápàá, agbedeméjì nìkan ni ó lágbára. Apá òde rẹ̀, tí ó wà lábẹ́ èèpo, tí àwọ̀ rẹ̀ sì funfun ju ti inú lọ, ni oúnjẹ kòkòrò. Káfíńtà tí ó bá fi ẹ̀yìn ìrókò ṣe ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kò purọ́ pé ìrókò ni, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán.

PÁKÓ TÚTÙ ATI PÁKÓ GBÍGBẸ

Ohun tí ń ba kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ ju ohun gbogbo lọ ni pákó tútù. Pákó kì í gùn sí i lọ títí, ṣùgbọ́n a máa fẹ̀ nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Pákó tí ó fẹ̀ ní ínṣì 12 lè yí padà tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ti ínṣì kan láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, bí ó tilẹ̀ ti gbẹ. Èyí tí ó tutù a máa ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì wọ́, a ó sì sán.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ igi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọdún kan fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tí pákó bá nípọn, kí ó lè gbẹ nínú afẹ́fẹ́. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ń mú, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é láìsí ilé gbígbóná tí a kọ́ fún un. Ẹni tí ó bá ra pákó fúnra rẹ̀ kí ó tò ó sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ó gbé e kúrò nílẹ̀, kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nípọn ní ínṣì 1 sí agbedeméjì pákó kan àti èkejì, kí ó sì fi ọ̀dà kun orí àti ìdí pákó kí ó má baà sán. Kí ó sàmì sí pákó kan, kí ó sì máa gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti gbẹ tó. Lẹ́yìn náà kí a gbé e wọ inú ilé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí káfíńtà tó fi ìfági kàn án.

BÍ A TI Í YẸ KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ WÒ KÍ A TÓ SAN OWÓ

1. Kí a kọ́kọ́ yí i padà, kí a wo ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀. Ojú ni oníṣẹ́ ń fi han ẹni tí ń rajà. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ rẹ̀ ń fi òun fúnra rẹ̀ hàn.

2. Kí a wo etí pákó. Bí ìlà ara igi tí ó wà lójú pákó bá gba etí kọjá títí dé orí rẹ̀, pákó gidi ni. Bí ó bá dúró ní etí lójijì, awọ ni a lẹ̀ mọ́ ọn.

3. Kí a fa dúróà jáde pátápátá. Ní igun rẹ̀, ó yẹ kí pákó méjèèjì ní ehín tí ó há mọ́ ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ ìṣó nìkan ni ó dì í mú, kò ní pẹ́ tú.

4. Kí a wo agbedeméjì ilẹ̀kùn. Pákó tí ó wà ní àárín gbọ́dọ̀ wà nínú ihò gbọọrọ tí a gbẹ́ sí ara férémù rẹ̀, láìfi ìṣó kàn án, láìfi àtè lẹ̀ ẹ́, kí ó lè ní àyè láti fẹ̀ àti láti sún kì. Èyí tí a bá kàn mọ́ra gírígírí ni yóò sán nígbà ọyẹ́.

5. Kí a mú okùn, kí a wọn ojú kọ́bọ́ọ̀dù láti igun òkè lápá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, kí a sì wọn ọ̀nà kejì. Bí okùn méjèèjì kò bá dọ́gba, kọ́bọ́ọ̀dù náà wọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní tì dáradára láéláé.

6. Kí a wá ihò bíi ti ojú abẹ́rẹ́. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá ń dà láti inú rẹ̀, kòkòrò wà láàyè nínú igi náà, kí a má sì gbé e wọlé.

7. Kí a ti ilẹ̀kùn, kí a sì gbìyànjú láti ki ìdí pẹ́ńsù bọ àlàfo rẹ̀. Ibi tí pẹ́ńsù bá gbà, ọmọ eku yóò gbà á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ Ó DÚRÓ, ÀTI ÌLERA ILÉ

Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ó sọnù nìkan. Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn rí àìsàn kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, a sì fi orúkọ ìlú náà pe é ní ibà Lassa. Eku kan tí ó ní ọmú púpọ̀, tí ó máa ń wọ inú ilé, ni ó ń gbé e kiri. Láti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ni ènìyàn ti ń kó o. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí àìsàn yìí ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì máa ń pọ̀ jù. Gaàrí tí a fi sínú àpò lórí ilẹ̀ ni eku ń rìn kọjá lórí rẹ̀ ní òru, ìyá ilé kò sì mọ̀. Nítorí náà kí gaàrí, èlùbọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà wà nínú agolo onídérí, kí agolo náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Bí eku bá ti jẹ lára oúnjẹ kan, kí a dà á nù. Kò sí èrè nínú fífi gaàrí agolo kan wé ẹ̀mí ọmọ.

Kí kọ́bọ́ọ̀dù ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé e sókè tó ínṣì 6, kí a lè gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kí ó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kí a sì lè tètè rí i bí ikán bá ń mọ ọ̀nà gòkè. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dúró nínú agolo omi kí eèrà má baà gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn a máa yé sínú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí a máa da omi náà nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí a da kẹrosíìnì díẹ̀ sí ojú rẹ̀. Kí ilẹ̀kùn ibi tí a ń gbé oúnjẹ sísè sí ní àwọ̀n wáyà wẹ́wẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí eṣinṣin má sì lè wọlé, nítorí pé ẹsẹ̀ eṣinṣin ń gbé ìgbẹ́ ọ̀rìn àti onígbáméjì kiri. Síbẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kì í mú oúnjẹ tutù. Ọbẹ̀ tí a gbé sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hó dáradára kí a tó tún jẹ ẹ́.

Kí ó jìnnà sí àrò tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán, kí iná má baà rà á, kí èéfín má sì sọ ọ́ di dúdú. Kí pẹpẹ iṣẹ́ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ ìyá ilé lọ ní ínṣì 4 sí 6. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀ jù yóò máa dun ún ní ẹ̀yìn. Kí a tò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti ń lọ: ibi tí oúnjẹ ń bá wọlé, ibi tí a ti ń ṣà á tí a ti ń fọ̀ ọ́, ibi tí a ti ń gé e, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà àwo.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí láé: oògùn kòkòrò oko. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó máa ń rọ oògùn kòkò tàbí oògùn ẹ̀wà sínú ìgò ọtí, tí wọ́n sì máa ń fi í sí igun ilé ìdáná nítorí pé kò sí ibòmíràn. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kí oògùn oko wà nínú ìgò tirẹ̀, nínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́, ní ibi tí kì í ṣe ilé oúnjẹ.

BÍ A TI Í ṢE É LỌ́ṢỌ̀Ọ́

Nígbà tí gbogbo èyí bá tọ́ tán ni ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ kàn. Ìwà lẹwà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún igi pẹ̀lú. Óákù tí a bá rẹ́ láti èèpo tọ̀ ọ́ lọ sí àárín gbùngbùn a máa fi àmì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ hàn tí ń kọ mọ̀nà bí fàdákà. Ìrókò sì ní ìlà tirẹ̀ tí ń yí bí omi. Ẹni tí ó bá ní irú igi bẹ́ẹ̀ kò ní láti fi ọ̀dà bò ó. Kí a fi bébà ìha-igi ha á ní ọ̀nà tí ìlà igi ń gbà lọ, kí a fi òróró èso ọ̀gbọ̀ tí a sè pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó gbẹ dáradára láàárín wọn, lẹ́yìn náà kí a fi ìda oyin nù ún. Ní ibi tí omi ń ta sí, fánísì dára jù. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: àkísà tí ó ti mu òróró yìí, bí a bá ká a jọ sí igun kan, lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣá iná sí i. Kí a tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ pátápátá, tàbí kí a rì í sínú omi.

Kí a má ṣe gbẹ́ òdòdó púpọ̀ sí ara kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Inú ihò ọnà ni epo àti èéfín ń sinmi sí, aáyán sì ń tẹ̀ lé wọn. Ojú tí ó tẹ́jú, tí a lè fi aṣọ kan nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ó yẹ. Ògiri tí a fi ẹfun kùn a máa mú kí àwọ̀ igi yọ, a sì máa mú ìmọ́lẹ̀ wọ inú ilé. Bí a bá fẹ́ aró díẹ̀ nínú ilé náà, aṣọ àdìrẹ Abẹ́òkúta lójú fèrèsé tó, bí ó bá jìnnà sí iná. Àwo rere lè wà lẹ́yìn gíláàsì ní òkè. Kí a má sì fi ìwé ìròyìn tẹ́ inú dúróà, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni aáyán ń yé sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ni ó ń bá kọ́bọ́ọ̀dù óákù nínú ilé tí wọ́n rà, nítorí pé àṣà rẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Àwọn kan a máa yọ ọ́ dànù nítorí pé ó ti ṣú. Bí pákó rẹ̀ bá jẹ́ gidi, tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò sì tú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ epo kúrò, kí wọ́n pààrọ̀ ìdìmú rẹ̀, kí wọ́n sì kun ògiri ní funfun. Èyí nìkan a máa sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀dà funfun kun óákù fúnra rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ha á, kí ó sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a fi ṣẹ́láàkì ṣe pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èròjà inú igi náà yóò là á kọjá, yóò sì sọ funfun náà di àwọ̀ ìyeyè.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀ YÍ ỌDÚN KÁ

Láti December dé February, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, kí a má ṣe fi àtè tàbí ìṣó dí àlàfo tí ó bá ṣí lára pákó, nítorí pé òjò yóò tì í padà. Àkókò yìí ni eku ń wá inú ilé, kí a wo gbogbo igun. Ní March, kí òjò tó dé, kí a kó ohun gbogbo jáde, kí a nù ún, kí a sì fi òróró pa á. Ní June àti July, kí a máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán bí oòrùn bá yọ, kí ọ̀rinrin lè jáde; àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó bá ti bu, tí ó sì hu funfun, kí a dà á nù, nítorí pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá há ní àkókò òjò, kí a má tètè fá a. Bí a bá fá a nígbà náà, ihò ni yóò kù nígbà ọyẹ́. Ní September, kí a wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún ikán.

Ẹni tí kò bá ní owó tí ó tó fún kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, kí ó ṣe kékeré tí ó dára. Kọ́bọ́ọ̀dù ìrókò tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tí ó gbẹ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, tí a sì ń tọ́jú lọ́dọọdún, yóò pa oúnjẹ bàbá mọ́, yóò sì pa ti ọmọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó tóbi, tí ó ń dán, tí eku sì ń wọ̀, kò yàtọ̀ sí àká tí ìdí rẹ̀ jò: bí a ti ń dà á sí i lókè ni ó ń lọ nísàlẹ̀.